Níbo Ni Àgbákò Ń Gbé? Àlàyé lórí Yíya Àwòrán Igbó Olójú Afárá fún Eré Ìtàn Àràmàǹdà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé bébà fífẹ̀ kan lọ́wọ́. Wọ́n ti ya ilẹ̀ kan sórí bébà náà: òkè tí yìnyín bo orí rẹ̀, igbó tí gbogbo igi inú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ahoro ilé olódi, àti odò ńlá kan tí ó ń ṣàn lọ sí òkun ìhà àríwá. Wọ́n ní eré kan ni àwọn ń ṣe, nínú èyí tí àwọn aṣeré ń rin ìrìn-àjò nínú ilẹ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní kíláàsì mi, àwọn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá bi mí ni ibi tí àwọn lè fi Àgbákò sí.

Mo wo àwòrán náà títí. N kò rí ibi tí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún lè dúró sí nínú yìnyín yẹn. Mo ní kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà dé, a jọ bẹ̀rẹ̀ àwòrán mìíràn, mo sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú wọn láti ìgbà náà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nípa ìwé tí mo ti ń fi kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó mú mi dúró níwájú yín.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe eré orí ìtàgé, kì í sì í ṣe ayò. Àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni adarí. Òun ni ó mọ ilẹ̀ náà àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù àwọn yòókù mú ẹ̀dá kan wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀kú wọ̀: ọdẹ, jagunjagun, oníṣègùn, akọrin. Adarí á sọ ohun tí ojú wọn rí, àwọn á sọ ohun tí wọn yóò ṣe, níbi tí kò bá sì sí ẹni tí ó lè sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ti já sí, wọn á da dáìsì bí a ti ń da ti lúdò. Ní ọdún 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, tẹ irú eré yìí jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta, tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Ìwé kẹta sọ̀rọ̀ nípa ìrìn inú aginjù. Ó jọ mí lójú pé wọn kò ya aginjù kankan fún òǹkàwé. Wọ́n ní kí ó lọ wá pátákó eré mìíràn, Outdoor Survival, tí ilé-iṣẹ́ Avalon Hill ṣe ní ọdún 1972, èyí tí ó dá lórí ẹni tí ó sọnù sínú igbó tí ó ń wá omi àti oúnjẹ. Pátákó ẹni tí ó sọnù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀! Títí di òní, àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀nà àtijọ́ yìí ṣì ń ya ilẹ̀ wọn bí pátákó náà ti rí, ní ojú afárá oyin.

Ẹni tí ó bá ti tú afárá rí mọ̀ pé ojú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, àti pé ojú mẹ́fà mìíràn ni ó yí i ká láìsí àlàfo. Bí ènìyàn bá dúró ní àárín ọ̀kan, àárín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó yí i ká jìnnà sí i bákan náà. Ojú onígun mẹ́rin inú ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, bí ẹni tí ó gba ẹ̀gbẹ́ bá rin máìlì 10, ẹni tí ó gba igun kọjá yóò ti rin ju 14 lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì kà. Ìrẹ́jẹ díẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n nínú eré tí oúnjẹ àti omi ti ń tán lójú ọ̀nà, ìrẹ́jẹ díẹ̀ lè pa ènìyàn.

A kò rí bébà olójú afárá rà ní ọjà Ìkòtún, nítorí náà a fọwọ́ ara wa yà á. Kọ́ńpáàsì tí ó wà nínú àpótí ìṣirò ọmọ iléèwé tó. Ẹ fa òbìrípo kan, ẹ má ṣe yí ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì náà padà, kí ẹ wá gbé e lé etí òbìrípo kí ẹ máa sàmì lọ: ìgbésẹ̀ mẹ́fà géérégé ni yóò fi yí i ká. Ẹ fi rúlà so àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó wo ògiri búlọ́ọ̀kù tí a kò tíì rẹ́, irú èyí tí ó kún Ẹ̀gbẹ́dá láti òpópó dé òpópó. Bíríkìlà a máa fi ìdajì búlọ́ọ̀kù yẹ ìlà kejì lórí ìlà àkọ́kọ́ kí ògiri má baà là. Ẹ ka iye tí ó kan búlọ́ọ̀kù kan nínú wọn: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Mẹ́fà ni. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà, ni ó fi èyí hàn mí. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì ṣí ìwé kan sílẹ̀ tí ẹ óò máa kọ ohun tí ó wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí. Adarí nìkan ni ó gbọ́dọ̀ rí ìwé náà. Bébà òfìfo ni ti àwọn aṣeré. Àwọn fúnra wọn ni yóò máa ya ohun tí wọ́n bá ti fi ẹsẹ̀ wọn tẹ̀.

Báwo ni ojú afárá kan yóò ti fẹ̀ tó? Ìwé ọdún 1974 lo máìlì 5. Nínú Isle of Dread, tí ó jáde ní ọdún 1981, ojú kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán erékùṣù náà jẹ́ máìlì 6, ìwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dìmú. Kí a lè mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, mo ní kí a fi ilẹ̀ tí a ń gbé díwọ̀n rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin dọ́gba 185. Ojú afárá olómáìlì 6 kan gba nǹkan bí 81. Èyí ni pé gbogbo ilẹ̀ láti Ìkòtún dé Ìpájà, àti láti Ẹ̀gbẹ́dá dé bèbè odò Owo, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714, kò ju ojú méjì àti díẹ̀ lọ. Kí ni adarí eré yóò kọ sí irú ojú bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ títẹ́jú, ènìyàn pọ̀. Àjèjì tí ó ń kọjá lọ sí ibòmíràn lè ní ìtẹ́lọ́rùn nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ kò lè ní in. A mú máìlì 1. Alímọ̀ṣọ́ di ojú afárá bí 82, ọwọ́ wá ká a.

Kí ó má baà rú yín lójú, Alímọ̀ṣọ́ inú àwòrán wa kì í ṣe èyí tí mọ́tò dí ní Ìyànà-Ìpájà. Ilẹ̀ kan náà ni, kí ilé tó bò ó: oko àti abúlé àwọn Àwórì, igbó, àti omi, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dá ìtàn tí a fi kún un. Mo yàn án nítorí pé mo lè fi ẹsẹ̀ rìn ín, ohun tí mo bá sì ṣì sọ, ẹnì kan yóò wà nítòsí tí yóò tún mi ṣe.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Gbogbo ohun tí ó kù ń tẹ̀ lé omi: ọ̀nà, abúlé, ààlà, ìjà. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Àwórì pàápàá, ìtàn atẹ̀lé-omi ni. Wọ́n ní Olófin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo kan lé odò Ògùn, ó sì ń bá a lọ bí omi ti ń gbé e. Ibi tí àwo bá dúró sí ni òun náà ń dúró sí. Ó pẹ́ ní Ìṣẹ̀rì. Àwọn kan ní láti ibẹ̀ ni àwo tún ti gbéra títí ó fi rì ní Ìdúmọ̀tà, tí a fi ń wí pé àwo ti rì. Ẹ fi ojú adarí eré wo ìtàn náà. Ọkùnrin kan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀, wọn kò ní ju àmì kan lọ tí wọn yóò máa tẹ̀ lé, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan wọ́n sì ní láti pinnu ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú. Mi ò mọ eré àtọwọ́dá tí ó tún ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn omi ni irú ilẹ̀, níbí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀. Nígbà tí mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ irú ilẹ̀ tí ó lè wà nínú ojú afárá, márùn-ún ni wọ́n mọ̀: igbó, àbàtà, òkè, pápá, odò. Ìwé eré ni ó fún wọn ní márùn-ún náà, wọ́n kàn túmọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè fi márùn-ún rin ilẹ̀ yìí. Ẹgàn kì í ṣe igbó lásán. Ẹgàn ni igbó tí àdá kò tíì kàn, tí àwọn igi ńlá ti fi orí kan orí tí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, igbó abẹ́ rẹ̀ kò dí, ènìyàn lè rìn láàárín igi sí igi, ṣùgbọ́n kò lè rí iwájú, kò sì lè fi oòrùn mọ ọ̀nà. Oko tí a fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi yàtọ̀ pátápátá. Oòrùn ń kàn án, ìtàkùn àti ẹ̀gún ti di ara wọn mú, àdá ni a fi ń wọ ọ́. Ìwé àwọn òyìnbó wí fún àwọn ọmọ yìí pé bí igi bá ti tóbi sí ni ìrìn ṣe ń le sí. Ọdẹ kankan kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Oko ọlọ́dún márùn-ún tí a pa tì le rìn ju ẹgàn lọ.

Ọ̀dàn ńkọ́? Koríko ni, igi rẹ̀ jìnnà síra. Ojú ń ríran jìnnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tá náà ń rí ọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iná sì lè gbà á. Irà ni ilẹ̀ tí ń gbé ẹsẹ̀ mì. Àkùrọ̀ sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀: etí omi tí kì í gbẹ, ibi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà tí oko yòókù ti di eruku. Ní ojú àjèjì, irà àti àkùrọ̀ jọ ara wọn. Ní ojú ẹni tí ebi ń pa nínú oṣù kejì ọdún, ọ̀kan jẹ́ ikú, ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí tán, akẹ́kọ̀ọ́ kan dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ọdọọdún ni omi ń wọ yàrá àwọn nínú oṣù kẹfà, pé bàbá onílé ní àdánwò ni. A wá ojú afárá tí ilé wọn bọ́ sí lórí àwòrán tí a ti fi omi sí tẹ́lẹ̀. Àkùrọ̀ ni. Ọmọ náà ti lo ọdún mọ́kànlá lórí àkùrọ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹlòmíràn nínú wọn ń gbé àdúgbò kan ní ìhà Ìgàndó tí ó ń jẹ́ Ẹgàn títí di òní. Láti kékeré ni ó ti rò pé ẹ̀gàn tí í ṣe ìtẹ́ńbẹ́lú ni wọ́n fi sọ àwọn ní orúkọ. Bí mo bá ti gbọ́ orúkọ náà dáadáa, igbó ńlá kan ni ó ń jẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe lórí tábìlì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá nìkan.

Iye tí ìrìn yóò ná ni a wá kàn. A fún arìnrìn-àjò ní agbára 12 fún ọjọ́ kan. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là ná an ní 1 fún ojú kan, ọ̀dàn náà 1, ẹgàn 2, oko tí a pa tì 3. Irà jẹ́ 2 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 4 nígbà òjò. Èyí já sí pé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà lè rin máìlì 12 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá gba irà nínú oṣù keje kò ní ju máìlì 3 lọ. Lọ́nà yìí, àwòrán kan ṣoṣo di méjì, ti òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn aṣeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí n kò tíì gbọ́ kí aṣeré bèèrè rí: oṣù wo ni a wà? Wọ́n kọ́ láti dúró de ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ.

Mo ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe ńlá kan báyìí. Nígbà tí ilẹ̀ ti wà, èmi ni mo gbà láti fi ohun kún un, nítorí pé èmi ni ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo tò ó bí Fágúnwà ti tò ó nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1938: ìpàdé kìíní, ìpàdé kejì, ìpàdé kẹta, títí dé Òkè Lángbòdó. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe eré, àwọn aṣeré dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, wọ́n sì yà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn tí n kò kọ nǹkan kan sí. Mo wá ọgbọ́n fi ọ̀nà náà dí, wọ́n tún yà sí ibòmíràn. Ní ìgbà kẹta, ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ṣé àwa là ń rìn ni, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń rìn wá?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nínú ìwé, Àkàrà-ògùn ti rin ìrìn-àjò rẹ̀ tán kí ó tó jókòó ti akọ̀wé. Ibi tí kò dé kò sí. Igbó Irúnmalẹ̀ kò ní ìwọ̀-oòrùn, àfi bí ìtàn bá gba ibẹ̀ kọjá. Àwòrán olójú afárá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni ojú kọ̀ọ̀kan ṣí sí, adarí sì gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn sí ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí Fágúnwà kó jọ, ó yẹ eré yìí bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni ó ṣe dá wọn: Kàkó oníkùmọ̀, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ akọrin, Ẹ̀fọ́ìyẹ̀ tafàtafà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n rìn kò ṣeé mú lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé ìtàn ṣe àwòrán ilẹ̀, kí ó mú ènìyàn inú rẹ̀, kí ó fi ọ̀nà inú rẹ̀ sílẹ̀.

Mo tún un ṣe. Nínú ojú 82, ọgbọ̀n péré ni mo kọ nǹkan sí, mo sì pín wọn káàkiri. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mo kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí a lè rí tàbí gbọ́ kí a tó dé ibẹ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ gan-an, àti ohun tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ ń fẹ́. Ìlà kẹta yìí ni ó ń gba ẹ̀mí là. Ẹ̀dá tí kò fẹ́ nǹkan kan kì í ṣe ju ògiri lọ.

Mo tún ní láti kọ́ pé aginjù wa kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Nínú àwòrán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé wá, ènìyàn wà nínú ìlú, ẹranko búburú wà nínú igbó, kò sí ohun kan láàárín. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Hugh Clapperton nígbà tí ó gbéra ní Àgbádárìgì nínú oṣù kejìlá ọdún 1825, tí ó sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1826. Ìlú dé ìlú, abúlé dé abúlé ni ó ń gbà kọjá. Kì í ṣe kìnnìún ni ó pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Pearce àti Morrison lójú ọ̀nà náà, ibà ni. Ohun tí ó ń dá irú wọn dúró ni ìkíni, ẹ̀bùn, àti ọba tàbí baálẹ̀ tí ó fẹ́ mọ ibi tí àlejò ń lọ àti ohun tí ó ń wá. Nítorí náà, àtẹ alábàápàdé wa, èyíinì ni àkọsílẹ̀ àwọn tí a lè ṣàdédé pàdé, kún fún ènìyàn: àgbẹ̀, alájàpá, ìránṣẹ́ ọba, ọdẹ tí ó ti pa ẹran tí kò lè dá rù. Àwọn ojú kan wà tí ọjọ́ ń yí ohun inú wọn padà. Ojú tí ọjà wà ń kún ní ọjọ́ ọjà, ó sì ń dá páropáro lẹ́yìn rẹ̀. Igbó orò kò ní ẹ̀ṣọ́ tàbí odi, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè wọ ibẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó bá jẹ́ obìnrin nínú eré gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ilẹ̀ tó ṣú bá a nítòsí. Ìyàn gbóná lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì dá sí i.

Bí àwọn aṣeré yóò bá yan ọ̀nà, wọ́n ní láti ti gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ì bá kúkú da dáìsì. Ẹni tí ó yé jù lọ ni Amos Tutùọlá. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí ó jáde ní ọdún 1952, adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri dé ìlú àwọn òkú. Kò sí ẹni tí ó júwe ọ̀nà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ ọ̀nà di ohun tí a ń rà ní ọjà, ní owó tàbí ní iṣẹ́, ìdá mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ irọ́. Adẹ́mu pàápàá rí ipò kan gbà lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ kò ní òkè gíga tí ènìyàn lè gùn wo iwájú. Ẹni tí ó gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ ni ojú rẹ̀ ń ré kọjá orí igi, nítorí bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ó lè sọ ohun tí ó wà nínú ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó yí i ká. Àwọn aṣeré wa kì í rìn láìmú adẹ́mu dání mọ́, ẹmu rẹ̀ sì kọ́.

Mo padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé Fágúnwà ti dáhùn rẹ̀ nínú orúkọ tí ó sọ àwọn ẹ̀dá rẹ̀. Nínú Igbó Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1949, Ànjọ̀nnú-ìbẹ̀rù ni oníbodè tí Olówó-ayé bá pàdé. Oníbodè kò lè rìn kiri. Ibi tí ibodè bá wà ni ó wà. Irú rẹ̀ ní ojú afárá tirẹ̀, a lè kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, a sì lè gba ọ̀nà mìíràn kí a má baà bá a pàdé. Òkè Lángbòdó náà, ibì kan ni. Ṣùgbọ́n kí ni àgbákò? Ẹnikẹ́ni tí ó ń sọ Yorùbá mọ̀ pé a kì í lọ bẹ àgbákò wò nílé rẹ̀. Èèyàn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ó ń kó àgbákò. Bí a bá fi í sí ojú kan pàtó, orúkọ rẹ̀ ti di irọ́. Inú àtẹ alábàápàdé ni ó ń gbé. Bákan náà ni Ìrànlọ́wọ́, ìyẹn ẹni tí ó gba Àkàrà-ògùn sílẹ̀ nínú ìpọ́njú: òun náà kò ní àdírẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé àmì ìwà ni orúkọ inú ìwé Fágúnwà. N kò rò ó rí pé ó tún lè jẹ́ àmì ibùgbé.

Bí a ti ṣe é nìyí. Nígbàkúùgbà tí àwọn aṣeré bá wọ ojú tuntun nínú ẹgàn, wọn á da dáìsì kan. Bí ó bá jẹ́ 1, ẹnì kan ń bọ̀. Wọn á da méjì kí a lè mọ ẹni náà. Méje ni ó rọrùn jù láti dà, alájàpá ni mo fi síbẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ wà ní 12. Àgbákò wà ní 2. Nítorí náà, nínú ojú 216 tí a bá wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni a lè retí rẹ̀. Nínú irà nígbà òjò, níbi tí ẹnì kan ti ń bọ̀ bí dáìsì bá jẹ́ 1 tàbí 2, ẹ̀ẹ̀kan nínú 108. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣàròyé pé ó ṣọ̀wọ́n jù, pé àwọn lè parí ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì láìfojú kàn án. Wọn kò ṣàròyé náà mọ́. Ní ìpàdé wa tí ó kẹ́yìn, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn tí mo ti fẹ́ fi dí wọn lọ́nà nígbà kan, dáìsì àkọ́kọ́ bọ́ sí 1, wọ́n sì da méjì. Ọ̀kan dúró lórí tábìlì, ó jẹ́ 1. Èkejì yí lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé mi, fún ìgbà pípẹ́ kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti lọ wò ó.